Gb Kì í Ṣe G àti B

Kí ló gbé ọwọ́ mi sókè lọ́jọ́ náà, Màmá? Ẹ bá mi dá a lóhùn, torí èmi ò tíì rí èsì fún un títí dòní. Ká ní mo fọwọ́ lẹ́rán, ká ní mo panu mọ́, èmi ni ǹ bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi ìdíje àgbáyé, kì í ṣe Bíró-Létí!

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé aṣọ ọmọ yẹn kúrò lórí àga. Mo ti rí lẹ́tà tí ẹgbẹ́ eré ọ̀rọ̀ fi rán yín. Wọ́n ní kí n padà wá, pé ìdíje tí a fi ń yan àwọn tó máa lọ lọ́dún yìí ti súnmọ́. Hẹ̀! Ẹnu wọn gbà á! Ṣé wọ́n rò pé mo ti gbàgbé ni?

Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í jí lójijì kó ní òun ń lọ fa ègé lẹ́tà nínú àpò, kó máa fi to ọ̀rọ̀ sórí pátákó ní àgbáyé. Mẹ́rìndínlógún la bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. A ta á, a ta á, ó ku mẹ́jọ. Àwa mẹ́jọ la lọ kojú àwọn ẹgbẹ́ yòókù lágbègbè, ọjọ́ kan ṣoṣo, ìpàdé méje, àwọn mẹ́ta tó bá ṣíwájú ló ń lọ. Mẹ́ta péré! Èmi tí mo kọ́ a, b, d ní kíláàsì àgbà, tí mo gbé ikùn ńlá jókòó níbẹ̀, èmi yìí, mo borí márùn-ún nínú mẹ́fà. Ọmọ wà lórí itan mi, ó ń fa ìwé, ó ń ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́tà, mo sì ń nà wọ́n lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń wò mí bí ẹni ń wo eṣinṣin tó bà sínú tíì rẹ̀.

Ó wá ku ìpàdé keje lórí tábìlì kan náà, èmi àti Bíró-Létí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọkùnrin ọ́fíìsì tó máa ń ki bíró bọ ẹ̀yìn etí bí ẹni pé etí ni dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ wúkọ́. Ẹ mọ̀ mí, ọmọ yìí ò lè wúkọ́ kí àyà mi má já. Mo gbé e jáde, mo fi etí lé e láyà, mo ń ka èémí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo fi pọ̀n ọ́n padà wọlé, aago ti ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ọlọ́run ń gbọ́, kò sẹ́nìkan!

Mo fi máàkì mọ́kànlélógójì ṣíwájú, Màmá! Àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bíró-Létí yọ bíró létí, ó tún tì í bọ ibẹ̀, ó wá to ègé méjèèje ọwọ́ rẹ̀ sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan náà: i, g, b, ọ, r, a, n. Ìgbọ́ràn! Àádọ́ta máàkì ẹ̀bùn ni ti ẹni tó bá lo méje tán!

Ìgbọ́ràn wo? Ṣebí orí bẹ́ǹṣì kan náà lèmi àti ẹ̀yin jọ jókòó sí ní kíláàsì àgbà. Kí ni olùkọ́ wa máa ń sọ tó bá ń fi ṣọ́ọ̀kì lu bọ́ọ̀dù? "Gb kì í ṣe g, gb kì í ṣe b, ẹ má tú tọkọtaya ká!" Lẹ́tà kan ni! Ó ní ègé tirẹ̀! Ìgbọ́ràn tòótọ́, ègé mẹ́fà ni, àádọ́ta kankan ò sí níbẹ̀! Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó mọ̀. Mo ní mo takò ó.

Akọ̀wé tó ń ṣe adájọ́ dé, kò tilẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ni, pé òun ti kéde pé gb kan sọnù nínú àpò tábìlì yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi g àti b ṣe é. Ìgbà wo ló kéde? Ìgbà tí mo wà níta tí mò ń ka èémí ọmọ! Ó wá rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ lọ fọ́mọ lọ́mú, kíláàsì àgbà ò kọ́ yín dé ibí."

Èmi!

Ẹni tó bá takò lásán, ìgbà tirẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n máàkì wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo ibi tí mo fẹ́ tò ó sí, Bíró-Létí ló wá di ibẹ̀ pa. Máàkì mẹ́sàn-án ló fi lù mí. Mo ṣe ipò kẹrin. Kẹrin, Màmá! Ó lọ síbi àgbáyé ọ̀hún, ó ṣe ìkẹta láti ìdí. Wọ́n ní ó tún to g àti b níbẹ̀, wọ́n kó o lé e lọ́wọ́ padà.

Àwọn aláìbìkítà! Odidi Akọ̀wé tó so kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ mọ́ ọrùn, ègé tí ò ju èékánná lọ, kò lè tọ́jú ẹ̀! Tí mo bá gbé ọmọ fún wọn tọ́jú, ṣé wọn ò ní ní orí rẹ̀ ti sọnù? Ẹ padà lọ sọ fún wọn: kí Akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí mi, kó sì rí i pé gbogbo gb inú rẹ̀ pé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ gbọ̀ngàn yẹn.

Kí lẹ ń wò lọ́wọ́ mi? Kò sí nǹkan kan. Mo ní kò sí.

Ó dáa. Ẹ tilẹ̀kùn yẹn ná. Ẹ rí aṣọ tí ẹ gbé kúrò lórí àga yẹn, èyí tí kò gba ọmọ mọ́ ni mò ń ṣà. Àná ni mo gbọn bàtà onírun tó wọ̀ lọ́jọ́ ìdíje, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ náà. Nǹkan ta jáde láti ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, mo ní ká ní ó gbé e mì ńkọ́! Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó yí ojú rẹ̀ sókè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá, mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín!

Gb ni.