Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Yọ Wáyà Máàpù Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá. Tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí, kí ojú tó wá tì mí. Ṣùgbọ́n ó ti ń ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ báyìí, n kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Ọkọ mi, Bàbá Dàmọ́lá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ wa ra ọkọ̀ fún wọn. Ọkọ̀ náà ní tẹlifíṣàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn tó ń fi máàpù hàn. Háà, inú wọn dùn! Ìbàdàn tí wọ́n ti ń wakọ̀ kiri láti ìgbà tí mo wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n wá di àlejò nínú rẹ̀. Láti Bódìjà lọ sí Agbowó lásán, wọ́n á tan máàpù. Ojú wọn kì í kúrò níbẹ̀.

Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ tí à ń lọ sí Challenge. Wọ́n ń fi ìka fa máàpù náà kó lè tóbi sí i. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ń sọdá níwájú wa. Mo pariwo, wọ́n tẹ bíréèkì. Díẹ̀ ló kù. Obìnrin náà gbá iwájú ọkọ̀ wa, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí a tó dé Ring Road, ojú wọn ti padà sórí máàpù. Mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ayé ti lajú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ni mo bá lọ bá Múfútàù, ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe ní Ṣàngó. Mo ní tí ọkọ mi bá gbé ọkọ̀ wá, kó yọ wáyà máàpù náà, kó sọ pé ó ti jóná.

Ó ní, "Màmá, ṣé kí n wá parọ́ fún Bàbá ni?"

Mo ní ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é. Ọkọ mi ní Múfútàù ló bà á jẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀ sí nìyí: mo gbádùn rẹ̀. Èmi ni mo di máàpù. Ọkọ mi á ní, "Ìyá Dàmọ́lá, wọ bàtà, à ń lọ." Mo ń jókòó níwájú bí ọ̀gá. Tí mo bá ní ẹ yà sọ́tùn-ún, wọ́n á yà. Ojú wọn wà lójú títì, etí wọn wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti sọ ìtàn ìgbà èwe wọn tí n kò gbọ́ rí. A máa ń páàkì ní Dùgbẹ̀, a ó jẹ bọ̀ọ̀lì, a ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà mìíràn, mo máa ń mú wọn gba ọ̀nà tó jìn kí a lè pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ mi dìde ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ fún Múfútàù mọ́, pé kò mọṣẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tún orúkọ mi ṣe."

Kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Mo ti pinnu. Lọ́la, èmi àti ọkọ mi ó jáde. Wọn kì í béèrè ibi tí à ń lọ mọ́. Tí a bá dé Ṣàngó, n óò ní kí wọ́n yà sọ́dọ̀ Múfútàù. Wọ́n á pa ọkọ̀, wọ́n á yíjú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?