Èmi Ni Mo Wọ Adágún Náà, Kì Í Ṣe Ablá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti darúgbó báyìí, eyín mi kò pé mọ́. N kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. N kò sọ fún Fadá pàápàá. Ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo máa ń kó lọ bá a, èyí tó tóbi á wà nílé.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Ablá ránṣẹ́ láti ìlú Notsé. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. A lé e jáde nílé nígbà tí a ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó ní ara òun kò le mọ́, òun fẹ́ wá kú sílé. Àwọn àgbà máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Èmi ni ìyáálé gbogbo agbo ilé, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ mi ni àwọn ń dúró dè.

Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Glei. Ayé àwọn Faransé ni nígbà náà, kí ogun ńlá kejì tó dé. Lọ́dọọdún, tí a bá ti kórè tán tí ọyẹ́ sì dé, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Atakpamé máa ń rán àwọn olùkọ́ rẹ̀ jáde sí ìgbèríko. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n wá kọ́, àwa àgbà ni. Lọ́dún kan wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbin kọfí ní ìlà. Lọ́dún mìíràn wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá. Mùsé ni a ń pe olùkọ́ tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Mùsé bu omi adágún wa sínú ife, ó sì mú dígí kékeré kan jáde tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ó ní kí a wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo tẹ̀ ba, mo wò ó. Háà! Nǹkan wẹ́wẹ́ ń ta kiri nínú omi tí mo ti ń mu láti kékeré. Wọ́n ń fò, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń fò. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé.

Mùsé ní kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìà, aràn gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ti ń wá, àti pé òrìṣà kọ́ ló ń rán an. Ó ní ẹni tí sòbìà bá tú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó bá wọ omi, ọmọ sòbìà á jáde sínú omi náà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí á gbé e mì. Ẹni tó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan. Tí ọdún bá yípo, sòbìà á yọ lára rẹ̀. Ó ní kí ẹlẹ́gbò má wọ adágún, kí gbogbo ilé sì máa fi aṣọ sẹ́ omi wọn.

Bàbá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín. “Mùsé, omi tó tọ́ bàbá mi dàgbà lẹ ní kí a máa sẹ́ bí ògì?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ablá nìkan ló lọ sílé tó fi aṣọ kíjìpá so ẹnu ìkòkò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, “Ìyàwó Mùsé” ni a ń pè é, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Sòbìà wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi nígbà náà. Ó ti wú, ó sì ń jó mi bí iná. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nílé ọkọ mi, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìyàwó bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló máa pọn omi ìyá ọkọ. Kò gbọdọ̀ dúró létí adágún bu ún. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú omi dé orúnkún, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ. Bí mo bá sọ pé mo ní egbò, wọ́n á sún ìgbéyàwó síwájú. Wọ́n ti sún un rí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pọn ọmọ. Mo fi ewé bo ojú egbò náà, mo so ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ lé e.

N kò lè ní n kò mọ̀. Mo ti wo inú dígí.

Bí omi ṣe kan ẹsẹ̀ mi ni iná náà kú. Ara tù mí débi pé omijé bọ́ lójú mi. Mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí nǹkan funfun bí omidùn tó ń tú jáde lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mi. Ohun tí Mùsé sọ gan-an ni. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ n kò tètè jáde, nítorí ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo pọn omi mi, mo gbé e rù, àwọn obìnrin sì ń yìn mí lọ títí dé ilé.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mu ún. Ó ní, “Omi yìí tutù, ọmọ mi. Ilé yìí á tù ọ́ lára.”

Oṣù ń gorí oṣù, kò sí nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Mùsé ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi. Àfi bí ọyẹ́ ṣe padà dé. Sòbìà yọ lórúnkún ìyá ọkọ mi. Ó yọ lẹ́sẹ̀ ọkọ mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò wọ̀, àgbà ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ ebè iṣu. Mo wọ yàrá, mo ń fi ìka ka oṣù. Ọdún ti yípo gẹ́lẹ́ láti ọjọ́ tí mo wọ omi, bí Mùsé ṣe wí. Ta ló kọ́ ohun tí ojú lásán kò lè rí bí a ṣe ń mọ ìgbà? Títí dòní, tí mo bá rántí rẹ̀, orí mi á wú.

Sòbìà kò yọ lára ẹnikẹ́ni nílé Ablá. Ohun tó kó bá a nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó rán sòbìà ni kò ní kàn.

Mùsé dé bó ṣe máa ń dé, ó bá wa níwájú baálé níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ Ablá. Ó ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há, ó tọ́ka sí aṣọ tó wà lẹ́nu ìkòkò Ablá. Baálé ní, “A gbọ́, Mùsé. Ta ló wá wọ omi pẹ̀lú egbò? Bí ẹnì kan bá lè dìde kó ní òun ni, a ó gbà pé òtítọ́ lẹ sọ, Ablá á sì padà sílé rẹ̀.”

Mùsé wò wá yíká. Mò ń nu orúnkún ìyá ọkọ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mo sì gbé e mì.

Wọ́n lé Ablá kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọkọ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Orúnkún ìyá ọkọ mi kò nà mọ́ títí ó fi kú, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń súre fún mi pé n kò ní ṣìṣe. Lónìí gbogbo ilé ló ń fi aṣọ sẹ́ omi, kò sì sẹ́ni tó rántí pé Ablá ló kọ́kọ́ ṣe é.

Ó ku ọ̀kan. Ablá fi ọmọ sílẹ̀, Àfí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Wọn kò jẹ́ kó gbé e lọ. Èmi ni mo tọ́ ọ, ìyá ló ń pè mí. Lánàá ó wá jókòó tì mí, ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kí àjẹ́ yẹn wọ agbo ilé yìí, òun á kó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé àwọn àgbà ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Àfí? Ẹ má sọ pé kí n dákẹ́, mo ti dákẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ “àjẹ́” yẹn, kì í ṣe ìta ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tó wà ní kékeré, tó ń sunkún pé níbo ni ìyá òun wà, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà dá a lóhùn.