Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Àìsàn ti dá Bàbá mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Bẹyẹrúnkà, ìrètí ò sì pọ̀ mọ́. Gàníyù àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, Bàbá ò jẹ́ kó wọlé, wọ́n ní olè ni. Èmi tí mo mọ̀ pé kì í ṣolè ni mò ń fún Bàbá lẹ́kọ mu nínú yàrá.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti Gàníyù jọ ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Bẹẹrẹ. Oríṣi ẹ̀rọ méjì la ní: àwọn kékeré tí ètò tí wọ́n ń pè ní Dọ́ọ̀sì ń darí, àti ẹ̀rọ ńlá kan tí èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì ń darí. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ohun tó máa ń rántí nípa ara rẹ̀: orúkọ ẹni tó ń lò ó, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti ohunkóhun téèyàn bá ní kó máa rántí. Inú ẹ̀rọ ńlá yẹn la kó ìbéèrè ìdánwò pamọ́ sí, a sì fi pásíwọ́ọ̀dù tì í. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìmẹ́lẹ́ ò jẹ́ kí n máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ni mo bá ní kí ẹ̀rọ máa bá mi rántí ẹ̀. Mi ò sọ fún Gàníyù pàápàá.

Ìgbéraga ló kó bá mi. Mo kọ púrógíráàmù kan ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C, tó ń to gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń rántí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ lápá òsì, ohun tó dúró fún lápá ọ̀tún. Ó ṣiṣẹ́ lórí Dọ́ọ̀sì, ó ṣiṣẹ́ lórí Yúníìsì. Ọ̀gá yìn mí, orí mi wú. Mo tẹ ohun tó tò jáde lórí Dọ́ọ̀sì àti lórí Yúníìsì sórí ìwé méjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọ́n wéra. Ṣé mo kà wọ́n kí n tó lẹ̀ wọ́n? Mi ò kà wọ́n.

Nígbà tí ìdánwò dé, gbogbo kíláàsì ló ti mọ ìbéèrè. Ọ̀gá ní ẹni méjì ló mọ pásíwọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú wa ló jí ìbéèrè tà. Ojú mi lọ sára ògiri: pásíwọ́ọ̀dù náà rèé, gbangba, nísàlẹ̀ ìwé Yúníìsì. Mo dúró kí wọ́n jáde, mo já ìwé náà, mo ká a sínú báàgì mi.

Gàníyù ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ṣe é."

Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ o."

Ọ̀gá gba tèmi gbọ́, wọ́n lé Gàníyù bí olè. Ìròyìn ti dé Ọjà'ba, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà, ká tó délé. Bàbá, aránṣọ tí kì í mú àjákù aṣọ oníbàárà, ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n dókítà ní ká má sọ ohun tó máa já Bàbá láyà. Lánàá Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló kù tí mo ń pè lọ́mọ. Bí mo bá kú, má jẹ́ kí olè yẹn da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè mi." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Bí mo ṣe jáde, Gàníyù dìde, ó bi mí bóyá Bàbá béèrè òun. Ẹ̀yin èèyàn, kí ni kí n dá a lóhùn?