Ṣebí Mo Ní Kó O So Okùn Mọ́dìí

Rárá o, má dijú mọ́ mi, mo ti rí i pé o ò sùn! Ẹni tó ń sùn kì í gbọn ìpéǹpéjú bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Ìyàwó rẹ ti dìde bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù yìí, ó ní òun ń lọ ra omi, omi sì nìyẹn nínú ìgò lórí tábìlì, ó kún dẹ́nu. Ó dáa, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, o ò lè dìde, dókítà sì ti fi wáyà so àgbọ̀n rẹ pa, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Wàá gbọ́ mi lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ tí kò ní dìde kúrò níbẹ̀.

Ṣebí mo sọ fún ẹ? Fi orí dá mi lóhùn! Ṣebí mo dúró ní ìdí àkàbà níṣojú gbogbo èèyàn, mo ní, "Má tíì gun òrùlé yìí o. Páànù oníke wà láàárín páànù onírin lókè yẹn, oòrùn ti jẹ ẹ́ gbẹ, eruku ti bò ó mọ́lẹ̀, o ò ní mọ èyí tó o máa tẹ̀. Tẹ́ pákó sílẹ̀ kó o máa rìn lórí ẹ̀, kó o sì so okùn mọ́dìí." Kí lo sọ? O rẹ́rìn-ín! O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń so ológbò lókùn?" Gbogbo àwọn káfíńtà mi bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Torí pé wọ́n ń pè ẹ́ ní Ológbò, ìwọ náà wá gbà lóòótọ́ pé ìrù wà nídìí rẹ!

Ṣé mo wá dákẹ́? Ṣé èmi kọ́ ni máníjà ilé iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì yẹn ni? Mo pe ọ̀gá àgbà tó gbé iṣẹ́ òrùlé náà fún ẹ. Mo ní, "Sà, agbaṣẹ́ṣe yín ò fẹ́ so okùn, mo fẹ́ dá iṣẹ́ dúró." Ó ní àbí torí pé àbúrò mi ni ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí. Ó ní òjò ń ba àwọn àga tí òun fẹ́ tà jẹ́, kí n jẹ́ kí ọkùnrin ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Iṣẹ́ ọkùnrin! Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ, mo fi Ọlọ́run búra. Ní báyìí, ó ní òun ò rántí pé mo pe òun rárá. Ó ní tí mo bá mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀, kí ló dé tí mi ò gbé àkàbà kúrò. Ṣé o rí ayé èmi yìí?

Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe. Mo pa ẹ̀rọ tó ń la pákó. Mo lé gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́ jáde, wọ́n ń kùn, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ní Ìyá Akoto tún ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Akoto ni wọ́n ń pè mí, torí mo ní kí wọ́n máa dé akoto, bíi pé orí tèmi ni wọ́n ń bá mi dáàbò bò! Àbúrò mi, ká ní ẹ̀rọ yẹn ń yí nígbà tó o já bọ́, kí ni dókítà ì bá rí so pa? Háà! Mi ò tiẹ̀ fẹ́ rò ó. Mo kàn gbọ́ kàà! bí ìgbà tí àwo bá fọ́, mo wòkè, bàtà rẹ ni mo kọ́kọ́ rí.

Orí fóòmù lo bọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù! Àwọn fóòmù bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà pé kí wọ́n kó wọn kúrò lójú ọ̀nà, torí tí iná bá sọ, ibo lèèyàn fẹ́ gbà sá jáde? Wọn ò kó o. Ìwọ wá bọ́ sórí ẹ̀, àgbọ̀n rẹ lọ gbá etí tábìlì. Ohun tí gbogbo wọn wá ń sọ kiri nìyẹn: "Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò gbọ́ tiẹ̀! Ká ní a kó fóòmù ni, Ológbò ì bá ti kú." Òótọ́ ni, fóòmù ló gbà ẹ́. Mo ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí fóòmù yẹn títí orúnkún fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa ẹ̀rọ? Ta ló tiẹ̀ bèèrè ẹni tó pa á?

Ìjọba ti ti ilé iṣẹ́ pa, gbogbo àwọn káfíńtà ti wà nílé, wọ́n ń bú mi bíi pé èmi ni mo tì í. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n máa wá ṣọ́ ọ. Inú gbọ̀ngàn ńlá yẹn ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀, kò sí ìró òòlù, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Oòrùn ń gba ihò tó o dá sórí òrùlé wọlé, ó ń rọra rìn nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gbé àga mi tẹ̀ lé e. Ṣé o rí ohun tí mo dà? Àgbà káfíńtà tá a jọ máa ń jẹun ọ̀sán, mo pàdé ẹ̀ ní títì, ó yára kọjá sí òdì kejì. Màmá ò gbé fóònù mi. Ìgbà tí wọ́n sì jàjà gbé e, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìwọ tó o jẹ́ àgbà, ìṣojú rẹ báyìí ló ṣe gòkè." Wọ́n bá pa fóònù. Èmi náà á délé, màá gbé oúnjẹ síwájú, màá máa bá fáànù sọ̀rọ̀. Fáànù! Ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún, kò gbà, kò kọ̀. Bíi tìrẹ gẹ́lẹ́!

Ọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò ń bọ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ níbí. Wọ́n á bi ẹ́ bóyá máníjà kìlọ̀ fún ẹ. Mi ò ní kó o purọ́ fún mi o. Mi ò ní kó o bú ọ̀gá àgbà. Kó o ṣáà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Kí lò ń wo ògiri sí? Mo mọ̀. O rò pé tó o bá gbà pé wọ́n kìlọ̀ fún ẹ, kò sẹ́ni tó tún máa gbé iṣẹ́ òrùlé fún ẹ mọ́. Èmi wá ńkọ́? Ṣé kí n máa ru ìwọ àti òrùlé rẹ lórí títí ayé ni?

Oòrùn ń wọ̀ ẹ́ lójú ni, àbí ò ń sunkún? Dúró ná, jẹ́ kí n fa kọ́tìnì yìí. Ó ti há lókè. Àwọn nọ́ọ̀sì ò sì rí i? Jẹ́ kí n gun àga yìí… Bí mo ṣe ń sọ fún ẹ, tí ọ̀gá àgbà bá fẹ́… Kí lò ń lu irin bẹ́ẹ̀dì sí? Ò ń da wọ́ọ̀dù rú! Kí lò ń nawọ́ sí? Ẹsẹ̀ mi? Ẹsẹ̀ àga? Yéè! Ó ti yẹ̀! Ó ń mì lábẹ́ mi! Kí n sọ̀ kalẹ̀? Ìwọ? Ìwọ Ológbò lò ń sọ pé kí n sọ̀ kalẹ̀? Háà! Háà-háà-háà! Ẹ gbà mí o! Má rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́, wáyà ẹnu rẹ!

Mo ti sọ̀. Mo ti sọ̀, wò ó. Jẹ́ kí n di ọwọ́ rẹ mú. Ọ̀la wá ńkọ́, ṣé wàá gbà pé mo kìlọ̀ fún ẹ? … Bẹ́ẹ̀ ni? Tún orí yẹn mì, àbúrò mi. Tún un mì, kí n rí i dáadáa.