Obìnrin Tó Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò Mi

[Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, aago méje ti kọjá díẹ̀. Ṣùbòmí ló ń pe Morákinyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti ilé epo kan ní Fádèyí. Fóònù dún títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u, kí wọ́n tó gbé e.]

MORÁKINYỌ̀: Hẹ́lò.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ—

MORÁKINYỌ̀: A dúpẹ́. Àwọn ọmọ fẹ́ máa lọ sílé ìwé, ìyá wọn ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù láti àná. Ọlọ́kọ̀, a ò rí yín mọ́ o.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́—

MORÁKINYỌ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ìyàwó mi ni. Mo ní àbúrò mi ti bọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n máa fún un mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. O ti dé ibi iṣẹ́ nìyẹn?

ṢÙBÒMÍ: Rárá. Fádèyí ni mo wà. Mo yà sílé epo.

MORÁKINYỌ̀: Mo sọ fún ẹ pé gauge epo yẹn kì í sọ òótọ́.

ṢÙBÒMÍ: Kì í ṣe epo. Ẹ bá mi pe Jude. Mò ń pè é, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ.

MORÁKINYỌ̀: Jude wo?

ṢÙBÒMÍ: Jude tó ta mọ́tò fún wa. Jude ti ṣọ́ọ̀ṣì yín.

MORÁKINYỌ̀: Kí lo fẹ́ fi Jude ṣe láàárọ̀ kùtù? Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìwọ àti mẹkáníìkì ẹ lẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú u palẹ̀ lójú mi.

ṢÙBÒMÍ: Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Mọ́tò dáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

MORÁKINYỌ̀: O ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

ṢÙBÒMÍ: Mo ń gbọ́ yín. Mo ní mọ́tò dáa. Obìnrin kan ló wà nínú ẹ̀.

MORÁKINYỌ̀: Nínú mọ́tò ta ni?

ṢÙBÒMÍ: Mọ́tò mi. Ó jókòó sẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí. Ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀.

MORÁKINYỌ̀: O gbé èrò? Ṣùbòmí, mo kìlọ̀ fún ẹ—

ṢÙBÒMÍ: Mi ò gbé èrò. Mo sọ̀kalẹ̀ láti lọ sanwó epo ni. Kí n tó yíjú padà, ó ti wọlé, ó ti pa ilẹ̀kùn dé.

MORÁKINYỌ̀: Olè ni. Ké sí àwọn ará ibẹ̀.

ṢÙBÒMÍ: Kì í ṣe olè. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó gbé báàgì ìrìnàjò sórí ẹsẹ̀. Ó tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi, má jẹ́ kí àyà ẹ já." Ó wá ní mọ́tò bàbá—

[Tírélà kan fun fèrè kọjá lójú títì, fèrè náà gùn bí ọ̀rọ̀ òmùtí.]

MORÁKINYỌ̀: Mi ò gbọ́ parí. Mọ́tò kí ni?

ṢÙBÒMÍ: Mọ́tò bàbá òun. Ó ní mọ́tò bàbá òun ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MORÁKINYỌ̀: Corolla pọ̀ nígboro. Gbogbo wọn ló jọra.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n, ó mọ ibi tó gbún. Ibi tó wọnú lára ilẹ̀kùn òsì yẹn, tí Dennis mẹkáníìkì mi ní ká má wulẹ̀ tún ṣe. Ó ní òun lòun fi mọ́tò náà gbá géètì ilé wọn ní Sùúrùlérè, lọ́dún tí bàbá ń kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Ó ní bàbá ò jẹ́ kí wọ́n nà án jáde, pé kó wà bẹ́ẹ̀, kí òun lè máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

[Ìró síbí lára àwo ń dún lọ́dọ̀ rẹ̀.]

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MORÁKINYỌ̀: Kí ló pe orúkọ ẹ̀?

ṢÙBÒMÍ: Caroline. Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí ni, ó fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé bàbá wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó gbójú sókè, ó rí nọ́ńbà mọ́tò.

MORÁKINYỌ̀: Ṣé o ti dárúkọ mi níbẹ̀?

ṢÙBÒMÍ: Kí ni mo fẹ́ máa dárúkọ yín fún?

MORÁKINYỌ̀: Má dárúkọ mi.

ṢÙBÒMÍ: Kí ló dé?

MORÁKINYỌ̀: Kò dé nǹkan. Kó má baà di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. O mọ bí ẹnu wọn ṣe rí.

[Ohùn Habeeb, ọkùnrin tó ń ta epo, lọ́ọ̀ọ́kán: kí ẹni tó ni Corolla yìí wá gbé e kúrò níwájú páńpù.]

ṢÙBÒMÍ: Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Habeeb, mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan. — Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ wọn? Ìlà mọ́tò ti gùn dé ojú títì lẹ́yìn mi.

MORÁKINYỌ̀: Wọlé, kí o tan ọkọ̀, kí o máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ.

ṢÙBÒMÍ: Pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́yìn? Kí n gbé ọmọ olóòkú dé ibi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, kí n sọ fún àwọn security pé ta ni? Wọ́n á ní mo jí ènìyàn gbé.

MORÁKINYỌ̀: Fà á jáde nígbà náà.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju ẹ̀yin gan-an lọ. Mi ò lè fọwọ́ kàn wọ́n.

MORÁKINYỌ̀: Mo mọ̀. Mo mọ̀, orí mi ló gbóná.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ rántí gíláàsì yẹn? Gíláàsì ìkàwé tó wà nínú àpò ẹ̀yìn sìítì? Mo fẹ́ jù ú nù lọ́jọ́ tí a gba mọ́tò, ẹ ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹnìkan lè wá a wá.

MORÁKINYỌ̀: Ó ṣe jẹ́?

ṢÙBÒMÍ: Wọ́n ti mú un. Wọ́n ti fi sójú. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo iwájú, bí ìgbà tí dẹ́rẹ́bà ń gbé wọn lọ síbì kan.

[Ṣùbòmí mí kanlẹ̀.]

ṢÙBÒMÍ: Ká ní wọ́n ń bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ọmọ Mushin ni mí, mo mọ ìjà. Ṣùgbọ́n wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn jókòó díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi ò ká a, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí irú eléyìí.

MORÁKINYỌ̀: Bẹ̀ wọ́n. Kúnlẹ̀.

ṢÙBÒMÍ: Mo ti kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú epo, síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi ti bàjẹ́. Àwọn náà wá fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún mi nínú mọ́tò.

MORÁKINYỌ̀: Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ. Fi hàn wọ́n.

ṢÙBÒMÍ: Orúkọ bàbá ló wà nínú ẹ̀. Jude kọ receipt bíi pé bàbá fúnra wọn ló tà á. Mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní bí gbogbo Èkó ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé tó bá yá a máa yí orúkọ padà.

MORÁKINYỌ̀: Bí gbogbo Èkó ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

ṢÙBÒMÍ: Mo wo táyà. Mo wo ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí Dennis wọ abẹ́ ẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n béèrè ẹni tó kú.

MORÁKINYỌ̀: Ohùn ẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ṢÙBÒMÍ: Mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá, gbogbo ẹbí jókòó nínú pálọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò títí ogójì ọjọ́ á fi pé, ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ ọmọ tó máa gbé e. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló pé. Jude ni àbígbẹ̀yìn, ìyá tiẹ̀ ọ̀tọ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè mọ́tò, ó ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

MORÁKINYỌ̀: Jude ò dáa.

ṢÙBÒMÍ: Àǹtí yìí náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Wọn ò tiẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́.

[Fóònù Ṣùbòmí dún gbì-gbì. Ìpè mìíràn ń wọlé.]

ṢÙBÒMÍ: Ọ̀gá mi, Madam Christabel, nìyẹn. Mi ò lè gbé e. Ẹ̀gbọ́n, query méjì ni mo ti gbà nítorí pípẹ́. Wọ́n ní tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n má wulẹ̀ wọlé. Torí kí n má baà pẹ́ mọ́ ni mo ṣe ra mọ́tò. Ẹ wá wò mí. Mo ní mọ́tò, mo tún ń pẹ́.

MORÁKINYỌ̀: Wọ bọ́ọ̀sì lọ.

ṢÙBÒMÍ: Kí n fi mọ́tò sílẹ̀ fún wọn? Tí mo bá fi ibí sílẹ̀, ta ló máa dá a padà fún mi? Ẹ wá, Ẹ̀gbọ́n. Láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó síbí ò jìnnà, ẹ fo ọ̀kadà. Ẹ̀yin lẹ mọ Jude. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

MORÁKINYỌ̀: Mi ò lè wá.

ṢÙBÒMÍ: Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

MORÁKINYỌ̀: Àwọn ọmọ fẹ́ lọ sílé ìwé—

ṢÙBÒMÍ: Ìyá wọn ló máa ń mú wọn lọ.

MORÁKINYỌ̀: Ṣùbòmí, mi ò lè fojú kan obìnrin yẹn lónìí.

[Ẹ̀rọ páńpù ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣùbòmí.]

ṢÙBÒMÍ: Ẹ mọ̀ wọ́n?

MORÁKINYỌ̀: Kí lo wí? O ń já.

ṢÙBÒMÍ: Ẹ ní ká tètè gba mọ́tò, pé tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì lé, ó ti bọ́. Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n má sọ fún Mọ́mì pàápàá, títí a ó fi ṣe ìdúpẹ́. Mo rò pé nítorí aráyé ni.

MORÁKINYỌ̀: Nítorí aráyé náà ni. Wo bí o ṣe ń fẹsẹ̀ rìn, bí o ṣe ń sunkún lálaalẹ́. Mọ́tò dára, ó kàn wà lẹ́sẹ̀ géètì ni, táyà ń rẹ̀ ẹ́. Mo rò ó pé—

[Gíláàsì mọ́tò ń sọ̀kalẹ̀. Ohùn obìnrin kan wọlé, ohùn tó rọ̀, tó ti há díẹ̀.]

CAROLINE: Ọmọ mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà.

CAROLINE: Òun ló mú ẹ dé ọ̀dọ̀ Jude?

MORÁKINYỌ̀: Sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti rí i.

CAROLINE: Kí lorúkọ ẹ̀?

MORÁKINYỌ̀: Ṣùbòmí. Má dá wọn lóhùn.

[Ṣùbòmí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.]

ṢÙBÒMÍ: Morákinyọ̀ ni, mà.

CAROLINE: Morákinyọ̀ ti burial committee ṣọ́ọ̀ṣì? Ọmọ tó ga yẹn?

ṢÙBÒMÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

CAROLINE: Àá, ó ṣeun. Ó dúró tì wá gan-an nígbà ìsìnkú. Òun ni ṣọ́ọ̀ṣì rán sí ìpàdé ẹbí wa, òun ló bá wa kọ gbogbo ohun tí a sọ nípa mọ́tò sínú ìwé. Òun náà ló gba àdúrà ìparí. Mo ṣe àmín sí i. Bá mi kí i.

[Gíláàsì mọ́tò ń gòkè padà díẹ̀díẹ̀.]

ṢÙBÒMÍ: Wọ́n ní kí n kí yín.

MORÁKINYỌ̀: Hẹ́lò?

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gba àdúrà ìparí?

MORÁKINYỌ̀: Hẹ́lò? Ṣùbòmí? Ṣé o gbọ́ mi?

ṢÙBÒMÍ: Mo ń gbọ́ yín.

MORÁKINYỌ̀: Nẹ́tíwọ̀kì yìí ò dáa. Mi ò gbọ́ ẹ mọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

ṢÙBÒMÍ: Mo ń gbọ́ yín ketekete, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń gbọ́ ìyàwó yín lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti rí ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

MORÁKINYỌ̀: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]