Àdìrò Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Rí

Ẹ̀yin obìnrin agboolé wa ní Ashaiman nílẹ̀ Ghana níbí, ẹ jókòó. Èmi Làtífátù, tí ẹ fi jẹ ìyá ẹgbẹ́, n kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ogójì ọdún ni mo fi ta èédú, eruku rẹ̀ sì ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára mi. Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ rántí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àwọn elétò ojú ọjọ́ wá bá wa. Wọ́n ní èéfín igi àti èédú tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ náà ló ń ba àyà àwa àtọmọ wa jẹ́, pé bí a bá ń fi gáàsì dáná, igi oko á sinmi, ọmọ á sì mí dáadáa. Wọ́n kó àdìrò gáàsì méjìlá fún mi kí n pín in, nítorí èmi ni àgbà àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata ládùúgbò. Mo sọ fún yín pé wọn kò tíì kó o dé. Irọ́ ni. Ilé ìkó-èédú mi ni gbogbo wọn wà, mo fi àpò bò wọ́n. Mo ń rò ó pé bí gbogbo yín bá bọ́ sídìí gáàsì, ta ni yóò ra èédú lọ́wọ́ mi? Olójúkòkòrò ni mí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Mo gbé ẹyọ kan sí ilé ìdáná Zuweira, níbi tó ti ń figi dín kósè, àkàrà tó ń tà, láràárọ̀ pẹ̀lú Nafisa ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjì ni Nafisa, ó sì ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ fún Zuweira pé mo yá àdìrò náà ni, pé bó bá lè sọ pé òun ti ń lò ó tipẹ́, wọn á kó tàwọn yòókù wá. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà, kò bá mi jiyàn. Nígbà tí wọ́n dé, àfi bí mo ṣe rí nọ́ọ̀sì láàárín àwọn àlejò, tó fẹ́ yẹ àyà àwọn ọmọdé wò. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Zuweira ní, “Maame, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó.”

Mo ní, “Tó bá gbọ́ ikọ́ yẹn, á mọ̀ pé igi lo ṣì fi ń dáná, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́la, èmi fúnra mi á gbé e lọ sọ́síbítù.”

Mo gbé ọmọ tí kò lè mí dáadáa wọ inú eruku ilé ìkó-èédú mi, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìkà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ọmọ, Zuweira wojú mi, ó fi èdè Twi dáhùn pé ara ọmọ le. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó gba mọ́kànlá yòókù ti lọ sọ́jà. Wọ́n lọ, mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo sì gbé àdìrò mi kúrò. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà pọ̀, mi ò lọ sọ́síbítù. Lọ́jọ́ kẹta, òtútù àyà pa Nafisa.

Láti ìgbà náà ni Zuweira ti ń sunkún pé irọ́ tẹ́nu òun pa ló pa ọmọ òun. Mo gbọ́, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń wẹ̀ fún mi láràárọ̀ báyìí, tó ń fi ṣíbí bu kókò, ẹ̀kọ gbígbóná, sí mi lẹ́nu.

Faruk ọmọ mi yóò kó àdìrò yín jáde lónìí. Zuweira, tìrẹ wà níbí látìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo pa ọmọ rẹ, èmi ni. Mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Bí o kò bá sì wá wẹ̀ fún mi lọ́la, n kò ní ránṣẹ́ pè ọ́.