Sọ̀kalẹ̀ Kí Bàbá Rẹ

Nígbà tí egungun mi ṣì le, ẹ̀yin ọmọ, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń ru iṣu láti Bantè yìí dé Savalou. Iṣu níwájú, iṣu lẹ́yìn. Ta ló gbọ́ alùpùpù nígbà yẹn?

Lọ́jọ́ kan mo gùn ún kọjá lára bàbá mi lọ́nà oko. Mo juwọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ gbọ́ o... bàbá kò dáhùn. Ó pè mí padà. Ó ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ ló bí ọ ni? Padà síbi tí o ti ń bọ̀, tún un gùn wá, kí o sọ̀kalẹ̀ kí mi." Pẹ̀lú ẹrù iṣu! Mo padà, mo tún dé, mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo búra pé ọmọ kankan kò ní gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára èmi náà láìsọ̀kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò yìí ló sì mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí Múmínì, ọmọ àbúrò mi, ti Kutonu dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mẹ́fà. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ wa ní pólò. Mo ní kí ni pólò? Ó ní àwọn olówó ló máa ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù, igi lọ́wọ́ wọn. Mo ní ẹṣin dà? Ó ní kẹ̀kẹ́ ni ẹṣin. Hà! Wọ́n gé páìpù tí omi kò gba inú ẹ̀ rí, wọ́n yọ igi ọkọ́ mi kì bọ̀ ọ́, ó di igi pólò. Ẹni mẹ́ta níbí, ẹni mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri lórí símẹ́ǹtì tí a ti ń sá àgbàdo. Adìẹ ò ríbi jẹun mọ́.

Òfin wọn ni mo kórìíra. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀! Ẹni tí tiẹ̀ bá kanlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ gùn ún lọ sí àárín pápá, kó fi igi kan pátákó tó wà níbẹ̀. Ni Sáfúrátù, ọmọ ọmọ mi tó ń ránṣọ, tó máa ń ṣọ́ gọ́ọ̀lù fún wọn, bá ń kọjá lára mi: "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," fìì! Ó ti lọ. Mo ní bó bá tún dán an wò, kó má jẹun nílé mi mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí.

Ni Savalou bá wá bá wa gbá a. Múmínì ti ní ìlú tó bá borí ni kẹ̀kẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa kù sí lọ́wọ́. Sáfúrà ti fojú sí ọ̀kan, tí òun máa fi máa gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà òun ní Atokoligbé. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, ọ̀nà ibẹ̀ ò sì súnmọ́.

Mo kírun Àsárì tán, mo wọ agbádá, mo mú ọ̀pá mi. Mo bá wọn ní gọ́ọ̀lù méjì-méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹyọ kan sí i ló borí. Ṣé kò yẹ kí n jókòó jẹ́jẹ́? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n àgbà ni mí... Mo gba ẹ̀yìn gọ́ọ̀lù Bantè wọlé, mo wúkọ́. Mo wúkọ́ o!

Sáfúrà yíjú, ó rí mi. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ kú ìrun o." Àwọn méjì yòókù rí i, àwọn náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wallahi, inú mi dùn! Mo ń súre fún wọn, ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó... ni mo gbọ́ gbì! Bọ́ọ̀lù ti wọlé.

Ṣé ará Savalou ò mọ àgbà ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán ni wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ lọ. Sáfúrà sunkún, ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ̀kalẹ̀." Ojú tì mí.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa kí àgbà o. Ṣùgbọ́n kí àgbà náà mọ ìgbà tó yẹ kó wúkọ́. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi mọ́. Kí ni wọ́n máa gùn? Láàárọ̀ àná, Sáfúrà ru aṣọ, ó ń lọ Atokoligbé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bó ṣe yẹ. Mo bá a gbé ẹrù náà padà sórí.